Èrìgì Tí Ń Ṣẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọjọ́ orí ni ó ń mú kí eyín máa mì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn èrìgì ni ó sábà máa ń fà á, kì í sì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í wá oníṣègùn eyín títí àrùn náà yóò fi jẹ egungun tí ó di eyín mú. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1 ènìyàn ni ó ní èyí tí ó le jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń bá itọ́ yín jáde bí ẹ bá fọ eyín? Ǹjẹ́ eyín kan ń mì láìjẹ́ pé ẹ ṣubú? Ní 2009 Amẹ́ríkà fi ìbéèrè 8 nípa èrìgì, tí ti eyín mímì wà nínú wọn, sínú ìwádìí ìlera ará ìlú wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń mu sìgá má yangàn pé òun kò rí ẹ̀jẹ̀: sìgá a máa bo ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Àwòrán náà wúlò. Ará Ìyànà Ọ̀fà lè fi fóònù ya èrìgì rẹ̀ kí oníṣègùn wò ó, kí ó tó wọkọ̀ gba ọ̀nà Ìwó lọ sí Ìbàdàn. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ ti yà á, kí ẹ sì yọ ẹnu bí ẹ bá ti jẹ obì.

Àwọn onímọ̀ ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà, tí òun náà fi ń tọ́ka sí ibi tí èrìgì ti pọ́n tí ó sì wú. Ó dára, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi gbogbo ara gbé e. Èrìgì ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú láti inú ìyá wá, kì í sì í ṣe àrùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi èrìgì òyìnbó nìkan kọ́ lè ṣi tiwa mú. Àwòrán fóònù kò sì lè rí abẹ́ èrìgì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí orí rẹ̀ rí róbótó ní ìdajì milimítà, ni oníṣègùn fi ń wọn bí àlàfo ibẹ̀ ti jìn tó. Bí ó bá ti ju milimítà 3 lọ, ó ti kọjá agbára búrọ́ọ̀ṣì àti pákò nìkan.

Nítorí náà, bí fóònù bá ní kò sí nǹkan tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH, Ìbàdàn. Ẹ má ṣe torí ẹ̀jẹ̀ ṣíwọ́ fífọ eyín: ìdọ̀tí ìdí eyín gan-an ni ó ń fà á. Èrìgì tí ó kàn ń ṣẹ̀jẹ̀ lè san pátápátá. Egungun tí àrùn bá ti jẹ ni kì í sábà padà. Alátọ̀gbẹ, àti ẹni tí ọyún ń ti ìdí eyín rẹ̀ jáde, kò gbọdọ̀ dúró de fóònù rárá.