Àpótí Ìmọ̀: Àwọn Ọ̀gá Ọlọ́pàá Los Angeles

Nígbà kan rí, kò rọrùn rárá láti yọ ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, nípò. Òfin òṣìṣẹ́ ìjọba dáàbò bò ó débi pé apá olórí ìlú pàápàá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a. William Parker dé ipò náà lọ́dún 1950. Ikú ló gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1966.

Daryl Gates, tó ti ṣe awakọ̀ fún Parker rí, di ọ̀gá lọ́dún 1978. Lóṣù Kẹta ọdún 1991, àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó lu Rodney King, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, bí ẹní lu bàrà. Ará àdúgbò kan dúró lókè ilé rẹ̀, ó ká a sínú fídíò. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá àwọn ọlọ́pàá náà láre lóṣù Kẹrin ọdún 1992, ìlú dàrú. Ẹ̀mí tó lé ní 50 ló bá a lọ.

Lóṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn olùdìbò yí òfin ìlú padà: sáà ọlọ́dún márùn-ún ni ọ̀gá ọlọ́pàá yóò máa lò, ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Willie Williams, tó wá láti Philadelphia, ló rọ́pò Gates. Òun ni ọ̀gá aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọn kò fún un ní sáà kejì lọ́dún 1997. Bernard Parks tó tẹ̀ lé e náà kò rí i gbà lọ́dún 2002.