Àpótí Ìmọ̀: Medicare àti Ọdún 65

Medicare ni ètò adójútòfò ìlera tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lọ́dún 1965 fún àwọn àgbà tó ti pé ọmọ ọdún 65. Apá A rẹ̀ wà fún ìtọ́jú aláìsàn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn, ẹni tó bá sì ti san owó orí ètò náà fún ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́ kì í san owó oṣooṣù lórí rẹ̀. Apá B, tó wà fún owó dókítà àti àyẹ̀wò, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ ni àkókò ìforúkọsílẹ̀, tó jẹ́ oṣù 7: oṣù tí ènìyàn pé 65, oṣù 3 ṣáájú rẹ̀ àti 3 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá láìní adójútòfò láti ibi iṣẹ́ yóò máa san ìdá 10 nínú 100 lé owó Apá B fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi jáfara, èyí tí kì í sábà kúrò lọ́rùn rẹ̀ mọ́, ìyà tó le jù fún àìmọ̀ lásán. Bí arúgbó tó ní Medicare bá sì ṣàìsàn nígbà tó wá kí àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, Medicare kì í san owó ìtọ́jú ibẹ̀.