Ayé Tó Wọ Bàtà Iṣẹ́

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó pa òwe yìí mọ ẹlẹ́dẹ̀ dáadáa. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í já ọgbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Imú ni yóò kọ́kọ́ tì bọ àlàfo, yóò dúró wò ó bóyá ẹnìkan á lé òun. Bí kò bá sẹ́ni tó lé e, orí á tẹ̀ lé imú, èjìká á tẹ̀ lé orí, kí onílé sì tó jí, ẹ̀gẹ́ ti tán nínú ọgbà.

Bí a bá ní kí ọmọ ìjọ wa ní àdúgbò Falconridge ka ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́ ayé, èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ni yóò kà: ọtí, sìgá, yẹtí, ṣòkòtò lára obìnrin, ilé ijó. Ìjọ Deeper Life tí Pásítọ̀ Kumuyi dá sílẹ̀ ní 1973 kò fẹ́ rí tẹlifíṣọ̀n nílé ọmọ ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo mọ̀ tí iná ìgbàgbọ́ wọn jó àjórẹ̀yìn ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Calgary níbí, agbára káká ni mo fi lè rántí ẹnìkan tí ọtí gbé lọ. Iṣẹ́ ló gbé wọn lọ. Iṣẹ́ gidi tí kò lábùkù, tí àwọn ará ilé gbààwẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ayé wọ bàtà onírin àti ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè wá kanlẹ̀kùn, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un, torí ó jọ ẹni tí Ọlọ́run rán.

Mo jókòó ti arákùnrin kan nínú ìsìn lọ́jọ́ kan. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, òun ló máa ń to àga kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó wá rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́nà pápákọ̀ òfurufú. Àdúrà ọpẹ́ là ń gbà lọ́wọ́ tí fóònù rẹ̀ fi gbọ̀n lórí àga. Ojú mi bọ́ sí i: ẹnìkan ò lè wá síbi iṣẹ́, ta ló fẹ́ gba ṣíìfù ọ̀sán, owó àti ààbọ̀ ni. Ó wò ó, ó dijú. Ó tún la ojú kan. Kí a tó ṣe Àmín, ó ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.

Òfin Alberta, ìpínlẹ̀ wa níbí ní Kánádà, ló fún owó àti ààbọ̀ yìí lágbára: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí 8 lójúmọ́, tàbí 44 lọ́sẹ̀, wákàtí tó lé di owó wákàtí kan àti ààbọ̀. Owó dídùn ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí èèyàn bá wo dídùn ifọ̀n, á họra dé eegun. Ọjọ́ Ìsinmi kan di méjì lóṣù. Ó ní òun ń wo ìsìn lórí fóònù. Àdúrà òwúrọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ dópin, torí àkókò yẹn ni bàbá ń sùn. Nígbà tí pásítọ̀ pè é, ojú tì í, kò gbé e. Bí ìtìjú ṣe di ìkùnsínú nìyẹn, ló bá di pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò bìkítà fún òun.

Ohun tó wá so ó mọ́lẹ̀ ni ilé tó rà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n owó àti ààbọ̀ ló fi wọn ìtẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá wá wù ú láti padà, gbèsè báńkì ò ní gbà á láyè, torí owó Ọjọ́ Ìsinmi ti wọ inú ìṣirò owó ilé. Ibi tí ewu yìí wà gan-an nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn lè ronú pìwà dà kúrò nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan sàn ju èyí tí ó ti fọwọ́ sí fún ọdún 25.

Ìjọba ló ń bá wa ṣọ́ Ọjọ́ Ìsinmi yìí nígbà kan rí. Láti 1906 ni òfin Kánádà ti ka ọjà títà lọ́jọ́ Ìsinmi léèwọ̀. Calgary yìí náà ni òfin ọ̀hún ti pàdé ikú rẹ̀: ilé ìtajà kan tó ń jẹ́ Big M Drug Mart tajà lọ́jọ́ Ìsinmi, 30 oṣù Karùn-ún 1982, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 1985 wọ́n sì fagi lé òfin náà. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn dára. Kò yẹ kí á fi ọlọ́pàá mú aládùúgbò wa tó jẹ́ Sikh tàbí Mùsùlùmí pé kó bá wa pa ọjọ́ wa mọ́. Ṣùgbọ́n ọgbà ìjọba ti wó. Ọgbà tí oníkálukú bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló kù.

Ní Castleridge tó múlé tì wá, mọ́ṣáláṣí Baitun Nur wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2008. Ẹ gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án Jímọ̀ kí ẹ wo ọkọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ni Jímọ̀ o! Àwọn náà ní ọ̀gá, wọ́n ní gbèsè ilé. Wọ́n kàn ti sọ fún ọ̀gá wọn ni.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún ọ̀gá yín. Ní 1983, òṣìṣẹ́ kan níléeṣẹ́ mílíìkì nítòsí Wetaskiwin, nínú Alberta yìí, kọ̀ láti wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde nítorí ohun tí ìjọ rẹ̀ gbà gbọ́. Wọ́n lé e. Ní 1990, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a láre: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá àyè fún ìgbàgbọ́ òṣìṣẹ́, àfi bí ìnira rẹ̀ bá ti pọ̀ jù fún iléeṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà kí wọ́n tó pín ṣíìfù. Ẹ má kọ ọ́ pé Ọjọ́ Ìsinmi kò rọ̀ yín lọ́rùn; ẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ ìjọsìn yín ni. Ẹ fi Sátidé tàbí iṣẹ́ òru dí i fún wọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn àti arúgbó, àìsàn kì í gba ìsinmi, Jésù pàápàá wo aláìsàn sàn lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ mú ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì fi agídí kan náà ṣọ́ ọ.

Ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá fi ẹ̀rọ tó ń tẹ títì fún ìjọba sílẹ̀ ní 1928 nítorí ó gbọ́ ìpè. Bí ẹ ò bá gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, ẹ máa wa fọ́kílíìfù yín lọ. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, kò sì sí oògùn tí kò ní ìwọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé, owó wákàtí 40 ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni pé owó àti ààbọ̀ kò sí láyé. Kòkòrò àti ìpẹtà ni Jésù dárúkọ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìṣúra ayé. Àwa ará Falconridge lè fi yìnyín kún un. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 13 oṣù Kẹfà 2020, yìnyín ya ara ilé bí ìwé ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ohun tó bàjẹ́ sì ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Kí ẹ tó fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ẹ pe ilé, torí owó tí à ń fi ránṣẹ́ wà lára ohun tí kì í jẹ́ ká lè fi ṣíìfù Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀. Ẹ má parọ́ pé iṣẹ́ dín kù. “Màámi, owó oṣù tó ń bọ̀ á dín díẹ̀, mo ti ń padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.” Ìyá tó ti ń gbààwẹ̀ lé yín lórí ò ní bá yín jà sí i. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́lé sí Ìkòròdú lè bínú; ẹ jẹ́ kó bínú dé ìparí oṣù.