ARA YÍYÚN ÀTI ARA SÍSÚ NÍGBÀ OYÚN

Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Aláboyún àti Àwọn Agbẹ̀bí

Ọ̀pọ̀ aláboyún ni ara máa ń yún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara yíyún yìí kò léwu, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó lè gba ẹ̀mí ìyá tàbí ti ọmọ inú rẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí aláboyún àti agbẹ̀bí mọ ìyàtọ̀ láàrin wọn, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

KÍ NI ÌTUMỌ̀ PÉ ARA KỌ NǸKAN?

Bí irun ara èso wèrèpè bá kan ènìyàn mẹ́wàá, ara àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò yún. Ìwà wèrèpè nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́wàá bá jẹ edé nínú ìkòkò kan náà, tí ara ẹnìkan ṣoṣo lé, tí ètè rẹ̀ sì wú, a mọ̀ pé ara ẹni náà ni ó kọ edé. Edé kò ṣe àwọn yòókù ní nǹkan kan.

Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Nígbà mìíràn wọn a máa ka ohun tí kò lè pa wá lára sí ọ̀tá, wọn a sì gbógun tì í. Ìjà yìí ni ó ń mú kí ara yún, kí ó pọ́n, kí ó sì wú. Ènìyàn lè ti máa lo ọṣẹ kan tàbí oògùn kan láti ọjọ́ pípẹ́ kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé, “Mo ti ń lò ó tipẹ́, kì í ṣe òun.”

ÀWỌN OHUN TÍ ARA SÁÀBÀ MÁA Ń KỌ̀

1. Oúnjẹ, bíi edé, akàn, ẹja, ẹyin àti ẹ̀pà.

2. Oògùn, bíi pẹnisilíìnì àti àwọn tí ó bá a tan, irú bíi Ampiclox. Àti àwọn oògùn tí ó ní sọ́fà nínú, irú bíi Septrin àti Fansidar.

3. Ohun tí ń kan ara, bíi ọṣẹ olóòórùn dídùn, lọ́fínńdà, aró dúdú tí a fi ń pa irun tàbí tí àwọn kan ń pò mọ́ làálì, yẹtí tí kì í ṣe ojúlówó wúrà, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí agbẹ̀bí ń lò.

4. Oró kòkòrò, bíi ti oyin àti agbọ́n.

ARA YÍYÚN TÍ OYÚN FÚNRA RẸ̀ Ń MÚ WÁ

Kì í ṣe gbogbo ara yíyún ni ó jẹ́ pé ara kọ nǹkan. Ẹ fi ara balẹ̀ wo ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ojú ìlà tí ikùn là ni ara ti kọ́kọ́ sú, ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, tí kò sì dé ojú ìdodo, kò ní pa ọmọ lára. Ó wọ́pọ̀ nínú oyún àkọ́kọ́, ó sì máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ.

Bí ó bá jẹ́ ìdodo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń lé roro bí ibi tí omi gbígbóná jó, ó yẹ kí dókítà rí i, nítorí ọmọ lè kéré tàbí kí a bí i kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Bí ó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ń yún jù, pàápàá ní òru, tí ara kò sì sú, ẹ má ṣe fi falẹ̀. Ó lè jẹ́ pé omi òróòro kò ṣàn dáadáa láti inú ẹ̀dọ̀. Ìtọ̀ lè dúdú, ìgbẹ́ lè funfun, ẹyinjú sì lè ní àwọ̀ ìyeyè. Bí àìsàn yìí bá le, ọmọ lè kú sínú. Ilé ìwòsàn ńlá ni a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un, dókítà ni yóò sì sọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbẹ̀bí. Ìpara kankan kò lè wò ó sàn.

Bí ó bá jẹ́ àárín ìka ọwọ́ ni ó ń yún, tí ara àwọn ará ilé náà sì ń yún ní òru, kúrúnà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Gbogbo ilé ni a ó tọ́jú pọ̀.

ÌTỌ́JÚ NÍ ILÉ

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá ohun tí ara kọ̀ rí, kí ẹ sì jáwọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ fi omi tútù wẹ̀. Omi gbígbóná ń mú kí ara túbọ̀ yún.
2. Ẹ lo ọṣẹ tí kò ní òórùn, kí ẹ sì fi òrí pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀.
3. Ẹ wọ aṣọ òwú tí kò fún yín, kí ẹ sì gé èékánná yín.
4. Ẹ fi oògùn kálámáìnì pa ibi tí ó ń yún.
5. Bí kò bá rọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lè fún yín ní Piriton, loratadine tàbí cetirizine, èyí tí a ti ń fún àwọn aláboyún láti ìgbà pípẹ́. Piriton máa ń mú oorun wá.

Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì tàbí Dettol tí a kò po omi mọ́ pa ara. Ẹ yẹra fún ìpara abóra. Òmíràn nínú wọn ní mẹ́kúrì, tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ dé ara ọmọ. Òmíràn ní clobetasol, tí ó lè mú kí ọmọ kéré bí a bá lò ó púpọ̀.

OÒGÙN IBÀ ÀTI ARA YÍYÚN

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún ní ilẹ̀ tí ibà ti ń jà gba Fansidar, hóró 3 lẹ́ẹ̀kan náà, láti oṣù kẹrin oyún. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò gbà á kí ó tó bímọ, kí oṣù kan sì wà láàrin èkíní àti èkejì. Kí agbẹ̀bí tó fún un, kí ó béèrè pé, “Ìyá, ǹjẹ́ oògùn kan wà tí ara yín kọ̀ rí?”

Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé, “Oògùn ibà máa ń yún mi.” Kí agbẹ̀bí má ṣe dúró níbẹ̀. Kí ó béèrè pé, “Èwo nínú wọn? Ṣé ara yín sú? Ṣé ó bó?” Chloroquine ni àwọn mìíràn ń sọ. Ó máa ń yún ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú láìjẹ́ pé ara wọn kọ̀ ọ́, láti ọdún 2005 sì ni Nàìjíríà ti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí chloroquine yún lè lo Fansidar. Kí a má fi tìtorí èyí jẹ́ kí ibà pa ọmọ inú rẹ̀ lára.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ Septrin tàbí Fansidar rí, kí ẹ má ṣe fún un mọ́. Ẹni tí ó ń lo Septrin lójoojúmọ́ pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ gbà á. Kí àwọn wọ̀nyí máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí wọ́n sì tètè wá bí ara wọn bá gbóná.

Bí ẹnu, ojú tàbí ojú ara bá ń dégbò lẹ́yìn oògùn, tí ara ń lé roro tàbí tí ó ń bó, kí aláìsàn dá oògùn náà dúró, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí a lo oògùn kí èyí tó yọjú.

ÀMÌ EWU

Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, bí ohùn bá há, bí èémí kò bá já gaara, bí òyì bá ń kọ́ ìyá tàbí tí ó dákú, ewu dé nìyẹn. Kí agbẹ̀bí ṣe báyìí:

1. Kí ó dá oògùn tàbí abẹ́rẹ́ tí ó ń fún un dúró.
2. Kí ó gún un ní adrenaline ìdajì mílílítà (0.5 mg, ti 1 nínú 1,000), sínú ẹran itan, ní ẹ̀gbẹ́ òde. Kí ó má tìtorí oyún fà sẹ́yìn: bí ìyá bá kú, ọmọ kò lè yè.
3. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ó dìde dúró.
4. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kí ó tún un gún.
5. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n sì máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ti ń lù.

Piriton kò lè dípò adrenaline.

Ẹ fi bíírò pupa kọ orúkọ oògùn tí ara kọ̀ sí iwájú káàdì aláboyún. Ìyá náà pẹ̀lú, kí ó mọ orúkọ rẹ̀ sórí, kí ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ara yíyún wèrèpè àti ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé?
2. Aláboyún kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń yún òun ní òru, ara rẹ̀ kò sì sú. Kí ni kí ó ṣe?
3. Oògùn wo ni a kọ́kọ́ ń gún fún aláboyún tí ahọ́n rẹ̀ wú? Níbo ni a ń gún un sí?