Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ìgbáyégbádùn Lẹ́yìn Oyè Àkọ́kọ́

Bí ènìyàn bá ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní yunifásítì, tí ó gba oyè, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ti ṣe ìnáwó ayọ̀, ohun tí gbogbo ilé ń retí ni pé kí ó wá iṣẹ́, kí ó sì máa gbọ́ bùkátà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ pé òun tún fẹ́ padà sí ilé-ẹ̀kọ́ láti kọ́ iṣẹ́ ìgbáyégbádùn, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní wẹ́fíà, ẹnu a máa ya àwọn ará ilé. Wọn a ní, ‘Ṣé ó di dandan kí ènìyàn lọ kọ́ bí a ti í ṣàánú?’ Ìbéèrè pàtàkì ni èyí, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ń kiri ẹ̀pà ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé. Aláàánú kan fún un ní owó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà tún gbé igbá ẹ̀pà. Ẹlòmíràn bínú, ó ní kí a gba ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyá náà ń ṣàìsàn, àti pé ọmọ yìí nìkan ni ó ń bu omi fún un. Àwọn méjèèjì ní inú rere, ṣùgbọ́n àǹfààní ti èkíní kò pẹ́, èkejì ìbá sì tú ilé ká. Àwọn àgbà ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ a kọ́kọ́ wo ilé: ta ni ó ń bọ́ ọmọ náà? Ìbátan wo ni ó lè gbà á sọ́dọ̀ fún ìgbà díẹ̀? Níbo ni ìyá rẹ̀ ti lè rí ìtọ́jú? Kí ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ fẹ́?

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Richmond, rí ọ̀ràn yìí kedere. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹgbẹ́ aláàánú kan ní ìlú Baltimore ní ọdún 1889. Òun fúnra rẹ̀ kò sì lọ sí yunifásítì. Ní ọdún 1897, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó tó àkókò láti ní ilé-ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1898, ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní New York. Láti inú rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ti Yunifásítì Columbia ti jáde.

Lónìí, ẹni tí ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn sábà máa ń lo ọdún méjì fún oyè kejì yìí. Ní Amẹ́ríkà, ó kéré tán, 900 wákàtí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lò lẹ́nu iṣẹ́ gan-an. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 200 ọjọ́ ni a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ojú iṣẹ́, 30 nínú wọn sì lè jẹ́ ọjọ́ ìdánrawò. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ náà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi orúkọ iṣẹ́ náà pe ara rẹ̀.

Èéṣe tí ẹ̀kọ́ ojú iṣẹ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé ẹ̀rí ni aṣọ. Ìrírí ni àkísà. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà. Bí ó bá ti ilé olówó tàbí ti tálákà dé, a kọ ohun gbogbo sílẹ̀, àgbà a sì kà á. Bí ó bá kọ ọ́ pé, ‘Ọ̀lẹ ni bàbá ọmọ yìí,’ àgbà a bi í pé, ‘Ṣé ìwọ ni o rí i ni, àbí wọ́n sọ fún ọ, àbí èrò ọkàn rẹ ni?’ Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ láti ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn rò. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí, nítorí pé adájọ́ lè gbé ìdájọ́ lé ìwé tí ó kọ, kí ó sì ti ibẹ̀ pinnu bóyá ọmọ kan yóò sùn sí ilé ìyá rẹ̀ tàbí kò ní sùn síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ń kọ́ láti pa àṣírí mọ́, àti láti mọ ìgbà tí kò gbọdọ̀ pa á mọ́, bí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú ewu.

Ṣé oyè àkọ́kọ́ wá di àṣedànù ni? Rárá o. Ẹni tí ó kọ́ òfin mọ ẹ̀tọ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì mọ àmì àìsàn. Olùkọ́ mọ ìwà èwe. Ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni olúkúlùkù fi ń wo ọ̀ràn. Oyè kejì ni ó ń kọ́ ọ láti wo gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹbí àti ará àdúgbò ni ó ń ṣe ìtọ́jú aláìní láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí Èkó ń kún, tí ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń rìn gbéregbère ní ìgboro, ìjọba amúnisìn dá ọ́fíìsì wẹ́fíà sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Lónìí, a ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní ti Nsukka. Òfin ọdún 2022 sì dá àjọ sílẹ̀ tí yóò máa ṣàkóso iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó bá ń wá owó kíákíá tàbí oyè tí yóò fi ṣe fáàrí, kí ó gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní sùúrù láti jókòó ti ẹni tí ìyà ń jẹ, kí ó tẹ́tí sílẹ̀, kí ó sì wádìí kí ó tó pinnu, kò ní kábàámọ̀ ọdún méjì náà. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìbéèrè

1. Kí ni àṣìṣe àwọn ènìyàn méjì tí ó rí ọmọ ẹlẹ́pà?
2. Ṣàlàyé òwe nípa aṣọ àti àkísà gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó nínú àyọkà yìí.
3. Kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: ‘Inú rere nìkan kò tó.’