Ẹja Mi Ní Àmì Funfun Lára

Ìbéèrè: Ẹja góòlù mi ní àmì funfun lára bíi hóró iyọ̀, ó sì ń fara ha òkúta. Mo da tetracycline sí omi, kò gbọ́. Kí ni kí n ṣe?
Òǹkàwé, Ajégúnlẹ̀

Ìdáhùn: Ó jọ àrùn kòkòrò Ichthyophthirius. Bakitéríà ni tetracycline ń bá jà, kòkòrò yìí kì í sì í ṣe bakitéríà. Nígbà tó bá wà lábẹ́ awọ ẹja, oògùn kì í ràn án. Ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja ni ọwọ́ ń tẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, omi gan-an lẹ máa tọ́jú.

Ẹ lè ní omi yín mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí ammonia tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ jáde, òun ló sì ń sọ ẹja di aláìlágbára. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ní klorín, ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú báàfù fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó. Ẹ fi gíráàmù 2 iyọ̀ sí lítà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀; lẹ́yìn náà, omi tuntun tí ẹ bá fi pààrọ̀ nìkan lẹ máa fi iyọ̀ sí, ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ má dáwọ́ dúró kó tó pé ọjọ́ 10, bí àmì náà tilẹ̀ pòórá. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi sì dúró, ẹ máa fi ife bu omi, kí ẹ dà á padà láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́.

Bí ẹja bá ń mí gúlegúle lójú omi, tàbí tí kò sàn lọ́jọ́ kẹrin, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, pẹ̀lú omi rẹ̀ nínú ìgò.