Kí Ẹ Tó Gbé Ẹ́ńjìnnì Ńlá Sínú Ìjàpá

Ẹ̀yin tí ẹ ní Volkswagen àtijọ́, ìyẹn Ìjàpá, ní Àkọkà, Abúlé Ọjà, Bàrígà àti Ṣómólú, tí ẹ sì ti ń tu owó jọ láti fi ẹ́ńjìnnì ńlá rọ́pò kékeré tó wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípò. Ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí ẹ rà gbẹ̀yìn. Bíréèkì, táyà, ìdí ọkọ̀, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà tu ẹ́ńjìnnì lára, hóòsì epo, gbogbo wọn ló ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá yí ètò yìí po lè pa ara rẹ̀, ó sì lè pa ọmọ ọlọ́mọ tó ń sọdá títì lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Mo mọ ohun tó ń fa ọkàn yín. Lọ́dún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Bàdágìrì, nígbà tí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Údójì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, ọ̀gá ní Yunifásítì Èkó, àìmọye wọn ló wa Ìjàpá. Díẹ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ṣì wà lẹ́yìn géètì ní àdúgbò wa, bàbá ló fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ tún un kùn, ó rán àga rẹ̀, ó wà á gun Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, ni dánfó bá ń fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀bi ọkọ̀ kọ́. Họ́ọ̀sìpáwà 34 péré ni Ìjàpá 1200 ní, àní nígbà tó wà ní tuntun, eré rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 115 ní wákàtí kan lọ. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá ti ń wọlé.

Ohun tó tún ń dán ènìyàn wò ni pé ó rọrùn. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ọmọ ìyá kan náà ni 1200, 1300, 1500 àti 1600: èyí tó kéré jù jẹ́ 1192cc, èyí tó tóbi jù jẹ́ 1584cc, họ́ọ̀sìpáwà rẹ̀ sì jẹ́ 50. Ojú ihò kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ṣe fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì 1600 sínú Ìjàpá 1302S lọ́dún 1970, wọ́n fi bíréèkì díìsìkì sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe so táyà ẹ̀yìn padà pátápátá. Wọn kò gbé agbára lé ọkọ̀ lórí kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwa ni a ń gbé ẹ́ńjìnnì nìkan, tí a sì ń fi bíréèkì bàbá wa sílẹ̀.

Bíréèkì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Dúrọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá 1200 àti 1300 fi ń dúró, níwájú àti lẹ́yìn. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kí ọkọ̀ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti orí 80 sí 100 kò jọ nǹkan bàbàrà létí, àmọ́ ó ti fi ohun tó ju ìdajì lọ kún iṣẹ́ bíréèkì. Dúrọ́ọ̀mù tó ti gbóná kì í gbámú mọ́, ẹ óò máa tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á máa lọ. Àwọn Ìjàpá tó ti pẹ́ jù tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀nà omi bíréèkì kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Bí páìpù kan bá jó tàbí rọ́bà kan bá ya, ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀ lórí pẹ́dàlì, kò sì sí táyà kan tó máa dúró nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ronú ìyẹn lórí University Road ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, àwọn ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's tí wọ́n ń sọdá, tí kẹ̀kẹ́ Máruwá sì lè dúró lójijì níwájú yín láti já èrò. Nítorí náà, ẹ fi másítà tó ní ọ̀nà omi méjì rọ́pò ti àtijọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì bíréèkì (inú hóòsì rọ́bà tó ti gbó lè ti wú kí ó sì dí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì máa dán), bí ẹ bá sì lè rí díìsìkì tó bá iwájú rẹ̀ mu, ẹ rà á. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ ná síbẹ̀.

Lẹ́yìn bíréèkì, ìdí ọkọ̀ ló kàn. Bí ẹ bá fi eré wọ kọ́nà pẹ̀lú Ìjàpá àtijọ́, tí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àsìlérétọ̀ lójijì, ìdí rẹ̀ á gbéra sókè, táyà ẹ̀yìn á ká sábẹ́ rẹ̀, ìdí náà á sì fẹ́ yí wá síwájú. Ẹ́ńjìnnì tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á mú èyí burú sí i, nítorí ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Ẹni tó bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí bíríìjì wọ kọ́nà Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Ẹ ra táyà mẹ́rin tó jẹ́ oríṣi kan náà. Afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ju ti iwájú lọ nínú Ìjàpá. Ẹ dúró ti fọganáísà kí ẹ sì sọ fún un, nítorí bí ẹ bá yísẹ̀ padà, iye kan náà ló máa fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́dún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ni gbogbo ènìyàn ń wò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbóríyìn fún un lé lórí jù ni pé ó fi ìdí tó lágbára sí abẹ́ ọkọ̀ náà kí ó lè ru ẹrù tí ó dì lé e. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àdúgbò wa, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi ṣe é.

Ní ti gíábọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Fúláìwíìlì ẹ́ńjìnnì onífóòtì 6 àtijọ́ ní eyín 109, ti onífóòtì 12 ní 130, ó sì fẹ̀ jù ú lọ. Bí ẹ bá gbé èyí tó fẹ̀ sínú gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ láìgé inú rẹ̀, á máa ha á. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ jẹ́ kí a dé orí ooru. Ìjàpá kò ní rádíétọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká àti rọ́bà tó dí etí wọn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù wọlé lókè, kí gbígbóná sì jáde nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, páànù wọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kò wúlò. Ó wúlò! Láìsí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti jáde á tún padà wọlé, nínú gósíló Èkó sì nìyí, níbi tí ọkọ̀ ti lè má rìn fún ìdajì wákàtí. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú 1971, kúlà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà nínú ilé fáànù, ó sì dínà afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dé sílíńdà kẹta. Ìdí nìyẹn tí sílíńdà kẹta fi sábà máa ń kọ́kọ́ jóná. Láti ọdún náà ni wọ́n ti gbé kúlà kúrò lójú ọ̀nà nínú àwọn 1600, nítorí náà irú èyí ni kí ẹ wá. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí fáànù àti jẹnérétọ̀. Bí iná pupa jẹnérétọ̀ bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ óò mánéèjì rẹ̀ dé ilé.

Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì 1700, 1800 tàbí 2000 ni àwọn kan ń lé kiri. Òótọ́ ni pé ó ń bá gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá mu. Àmọ́ ìdílé mìíràn ni: fáànù rẹ̀ wà lójú rẹ̀ gan-an, kò sí lókè, ó sì wúwo ju 1600 lọ. Ẹ óò gé páànù, ẹ óò fi wẹ́dà sí i, ọ̀nà afẹ́fẹ́ tuntun ni ẹ óò ṣe látòkèdélẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ yín kọ́ṣẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ré kọjá 1600.

Iná ló ń bà mí lẹ́rù jùlọ. Kábúrétọ̀ wà lókè ẹ́ńjìnnì, páìpù kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára ni epo ń gbà wọ inú rẹ̀, páìpù yìí sì máa ń tú bó bá ti gbó. Bí ó bá yọ, orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná àti ibi tí iná ń ṣẹ́ ní dísíríbútọ̀ ni epo máa dà sí. Ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì epo, ẹ fi kílíìpù di orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì fi fíltà oníke sí òkè ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: irin magnesium ni wọ́n fi ṣe ìkòkò ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. Bí magnesium bá ti gbiná, omi á mú kí ó jó sí i ni, á sì máa ta pàrà-pàrà. Ẹ má da omi sí i. Ẹ gbé ẹ̀rọ apaná sí ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀, kí ó má jẹ́ inú búùtù, kí ẹ fi pa á kí ó tó ràn dé ìkòkò náà. Bó bá ti ràn dé ibẹ̀, yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ bù lé e bí ẹ bá lè sún mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sá kúrò nídìí rẹ̀, ẹ pe 767 tàbí 112.

Bí ẹ bá ti parí gbogbo èyí, ó kù kí ẹ lọ sí Ládípò, ẹ sì mú mẹkáníìkì yín dání, kí ó má jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ tajà fún yín. Ẹ di púlè ẹ́ńjìnnì mú, ẹ fà á síta, ẹ tì í wọlé. Ìmìtìtì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 0.15 lọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n lára pé ó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń dún kọ̀ kọ̀, kíráńkì ti jẹ ilé rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ìkòkò ẹ́ńjìnnì, nísàlẹ̀ ibi tí jẹnérétọ̀ jókòó sí: D jẹ́ 1200, F jẹ́ 1300, H jẹ́ 1500, AD tàbí AS jẹ́ 1600. Mo ti rí 1300 tí wọ́n pè ní 1600 fún ọmọkùnrin kan, tó sì sanwó 1600. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì ra ohunkóhun láìgba rìsíìtì tí nọ́ńbà náà wà nínú rẹ̀.

Irú nọ́ńbà yìí, ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ló wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Ẹ gbé rìsíìtì lọ sí MVAA, àjọ tó ń rí sí ìwé ọkọ̀ ní Èkó, kí wọ́n yí i padà sí ti tuntun, kí ọlọ́pàá má bàa dá yín dúró ní Gbàgádà kí ó sọ pé ọkọ̀ jíjí ni. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò pẹ̀lú. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni tẹ́ẹ́dì páàtì ọkọ̀ àdáni ti di ₦15,000. Ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fún wọn láàyè láti sọ lọ́jọ́ ìjàǹbá pé ọkọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ ni èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Peugeot 404, tí ẹ sì fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì 504 sí i, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìdílé kan náà ni 1618cc ti 404 àti 1796cc tàbí 1971cc ti 504, àwọn méjèèjì ló sì dẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ 404 fi ń dúró, nígbà tí 504 ní díìsìkì.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, epo bẹntiróòlù ti di ohun tí a ń fi ìṣọ́ra rà, ẹ́ńjìnnì ńlá kì í sì í mu ún bíi kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń pè ní kékeré, àìsàn ló ń ṣe é. Kí ẹ tó jù ú nù, ẹ sọ fún mẹkáníìkì kí ó wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó tún fáàfù ṣe sí mìlímítà 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ó ṣètò táímìn, kí ó fọ kábúrétọ̀, kí ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹ wà á fún oṣù kan bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì ń wù yín lẹ́yìn ìyẹn láti gbé 1600 sí i, àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ fi dán an wò lójú títì tó dá, kí ẹ tẹ bíréèkì lórí 40, lórí 60, lórí 80, kí ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ ń fà sí apá kan, kí ẹ sì gbé e padà fún mẹkáníìkì bó bá fà.